Ìlà Kẹta

Nimat ti ti àgádágodo pa tán kó tó rí omi gọ́tà. Lójoojúmọ́, omi tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ etí odò Ògùn yìí máa ń rọra ṣàn lọ sódò náà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, ó ń padà bọ̀ wá sílé. Ó ń ti ewé òṣíbàtà díẹ̀ bọ̀ níwájú, ó sì ti ń lá ẹsẹ̀ ògiri aládùúgbò wọn.

Nimat dúró, ó ń wò ó. Ọkàn kan ní kó ṣílẹ̀kùn kó padà wọlé. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, oòrùn mú ganrínganrín, òjò ò sì kán sílẹ̀ ládùúgbò láti ọjọ́ mélòó kan.

"Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wa," ó sọ fún ara rẹ̀. "Òjò ò rọ̀. Omi ò ní wọlé nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara rẹ̀. Ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò yẹ kó jáde rárá. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ata ní Mile 12, ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé, "Nimat, má fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ lónìí o. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o yọ ẹsẹ̀ síta." Ìyá Àgbà ni ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n gbé wá láti Ìsẹ́yìn nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohùn wọn náà ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn ló lè gbọ́ ọ. Bàbá Nimat fúnra rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀ láti òkè Ọya.

Ṣùgbọ́n ìdánwò mátíìsì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, lórí logic, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń mọ gbólóhùn òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́, tí Nimat ò mọ ibi tó kọjú sí. Joanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé nínú ẹ́sìtéètì kan n'Íkòsí, ti ní kó máa bọ̀, kí Jìmí, ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní yunifásítì, lè kọ́ àwọn méjèèjì. Ká má parọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ilé Joanna náà wà lára ohun tó ń pè é.

"Mò ń bọ̀ báyìí, Ìyá Àgbà," ló sọ kó tó jáde.

"Má pẹ́ o, Àṣàbí," ni ìyá náà dá a lóhùn.

Àgádágodo yẹn ńkọ́? Nítorí Ìyá Labeebah, aládùúgbò wọn, ni. Bí obìnrin náà bá rí ilẹ̀kùn láìtì, yóò yà wọlé kí Ìyá Àgbà, yóò sì mọ̀ pé Nimat ti jáde. Ẹ wo ọgbọ́n àgbọ́njù!

Nígbà tó dé Ìkòsí, Jìmí ti ya tábìlì kan sójú pátákó funfun.

"Truth table nìyí," ó ní. "T ni òótọ́, F ni irọ́. Gbólóhùn wa ni 'Bí p bá ṣẹlẹ̀, q á ṣẹlẹ̀.' Ìlà kìíní: p ṣẹlẹ̀, q ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn wa jóòótọ́. Ìlà kejì: p ṣẹlẹ̀, q ò ṣẹlẹ̀. Ó ti di irọ́. Ìlà kẹta: p ò ṣẹlẹ̀, àmọ́ q ṣẹlẹ̀. Kí la máa kọ?"

"F," Nimat dáhùn kíá.

"T ni."

"Uncle, báwo? P ò ṣẹlẹ̀ ná, kí ló máa gbé q wá?"

Jìmí rẹ́rìn-ín. "Ká ní mo sọ fún Joanna pé tó bá pass, màá ra bàtà fún un. Ó wá fail, mo ṣì ra bàtà fún un nítorí birthday ẹ̀. Ṣé mo parọ́?"

"Ẹ ò parọ́," Joanna fèsì. "Ẹ ṣáà jẹ́ n rí bàtà yẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá pass ni mo sọ. Mi ò sọ nǹkan kan nípa ìgbà tó bá fail. Bàtà lè gba ọ̀nà míì wá. Oya, Nimat, fún wa ní example tìẹ."

Ẹnu Nimat yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlé wa."

"Good. Wá fi sí ìlà kẹta."

Nimat gba màákà. Ó kọ ọ́: òjò rọ̀, F. Omi wọlé, T. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Òjò ò rọ̀, omi sì wọlé. Ó tún un kà. Omi gọ́tà tó ń padà bọ̀ wá sílé yọ sí i lọ́kàn, tòun ti ewé òṣíbàtà. Ta ni ò mọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni odò Ògùn ti ń gbé omi bọ̀? Bí òjò bá rọ̀ lọ́hùn-ún, lápá Ìsẹ́yìn, odò ò ní béèrè bóyá oòrùn ń ràn ní Èkó. Nimat mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó ju màákà sílẹ̀.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe mọ́mì mi!"

Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Nimat ti ń wọ bàtà.

"Omi wo nínú oòrùn yìí?" Joanna béèrè. "Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Mo ti Ìyá Àgbà mọ́lé!"

Nínú bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ní Mile 12, oòrùn ń jó wọn láti ojú fèrèsé. Àwọn èrò ń nu òógùn, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ń wù ú kó jẹ́ pé òun kàn ń dààmú ara òun lásán ni, kí wọ́n fi òun ṣẹ̀fẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹnu àdúgbò ló ti rí wọn: àwọn ènìyàn tó ru mátírẹ́ẹ̀sì, àwọn tó fa ewúrẹ́ dání. Ìyá Labeebah wà láàárín wọn, ẹrù wà lórí wọn, aṣọ wọn tutù dé ìbàdí.

"Mummy Labeebah! Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Ìyá Àgbà kẹ̀? Àgádágodo ni mo rí lẹ́nu ilẹ̀kùn yín! Mo ní ẹ ti gbé wọn lọ síbòmíràn. Ṣebí tí ò bá sẹ́nì kan nílé lẹ máa ń tì í?"

Nimat tọwọ́ bàpò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ hàn wọ́n.

"Yéè! Mo gbé!" Ìyá Labeebah ju ẹrù sílẹ̀, àwọn méjèèjì kó sómi.

Omi mù wọ́n dé orúnkún, ó dé itan. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó ti kan ìbàdí. Abẹ́ omi ni àgádágodo wà, Nimat ò sì rí ojú ibi tó máa ki kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ń tì í bọ̀ ọ́, ó ń yẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń pe, "Ìyá Àgbà! Ìyá Àgbà!" Kò gbóhùn kankan. Àgádágodo ṣí wàyí, ilẹ̀kùn tún kọ̀ nítorí omi tó rọ́ mọ́ ọn. Wọ́n fi èjìká tì í títí ó fi yàgò.

Ìyá Àgbà ń bẹ lórí ibùsùn, omi ti dé àyà wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tó kù di irin ojú fèrèsé mú. Ètè wọn ń mì. Ìgbà tí Nimat sún mọ́ wọn ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Mo pè yín títí. Mo pè yín títí."

Nimat pọ̀n wọ́n, Ìyá Labeebah dì wọ́n mú lẹ́yìn, wọ́n sì gbé wọn jáde sínú oòrùn.

Òtútù omi náà kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà gbádùn. Ikọ́ dé, wọ́n sì dá wọn dúró ní ọsibítù. Ìyá Nimat ò nà án. Wọ́n jókòó síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, wọ́n ń sunkún, wọn ò sì wo ojú rẹ̀. Ẹgba ì bá rọrùn fún Nimat ju ìyẹn lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé ìlà kẹta. Nimat kọ ọ́ pé: "Bí ẹnikẹ́ni kò bá sí nílé, a máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wà nílé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn." Ó gbà á, kò sì lè yọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá Àgbà. Mo rò pé tí òjò ò bá ti rọ̀..."

Ìyá náà fi ọwọ́ òsì wọn gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Nimat ní láti tẹ etí rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbọ́ wọn.

"O ò rò ó, Àṣàbí. Ó wù ẹ́ láti lọ ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, kò sí nínú tábìlì kankan. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí fún ọjọ́ tí kò rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yẹ ọ̀rọ̀ wò, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọkàn yín wò. Ọkàn tó ti pinnu ibi tó ń lọ kì í wá òótọ́ mọ́, àwáwí ló ń wá, ẹlòmíràn ló sì máa ń fi sílẹ̀ sínú omi.