Ìró Bàtà Roswitha

Ilé tí ogójì èèyàn ń rìn nínú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dún, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Àwa tí wọ́n bí sílùú yìí kì í rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni Màmá Kreszenz, olùṣọ́ ibẹ̀, ti ń pín sálúbàtà ńlá onírun àgùntàn fún àwọn tó wá wòran, kí wọ́n ki bàtà wọn bọ inú rẹ̀, kí pákó dídán ilẹ̀ má baà bàjẹ́.

Àbúrò mi, Roswitha, wo tirẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi bí ti pẹ́pẹ́yẹ!"

"Má bọ́ ọ o, ọmọ mi," ni Màmá wí.

"Àbí ẹ máa nà mí ni?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín, nítorí láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa, Roswitha nìkan ló kù mí kù, inú mi sì dùn pé ó tún ń ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ìdájọ́ lókè, àwọn yòókù ti kọjá lọ. Àwọn áńgẹ́lì ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá ń wò wá láti òkè àjà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ògiri, irú èyí tí adájọ́ àtijọ́ máa ń ṣẹ́ lójú ẹni tó bá dá ẹjọ́ ikú fún. Roswitha fẹ́ kí n ya fọ́tò òun pẹ̀lú bàtà gogoro pupa rẹ̀ tuntun. Kí n tó lanu, ó ti bọ́ sálúbàtà, ó mú un lọ́wọ́, ó ń lọ síbi àga adájọ́: kó, kó, kó.

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró ìwọ́sẹ̀ nílẹ̀, bí ìgbà tí èrò ń wọlé jẹ́jẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kan. Òórùn irun àgùntàn tútù gba imú mi. Ẹnì kan wúkọ́ láti orí àga tó ṣófo.

"Ta ni?" ni ohùn kan béèrè láti ibẹ̀.

Roswitha rò pé èmi ni mò ń fi òun ṣeré. "Èmi ni, Roswitha!"

Mo fà á lọ́wọ́, a sáré sọ̀ kalẹ̀.

Màmá rí sálúbàtà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ dún?"

"Ó dún, mà."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rò pé torí pákó nìkan ni? Àwọn adájọ́ ló kọ́kọ́ ń wọ sálúbàtà yìí, kó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ nìkan ni á máa dún."

"Kí ni mo wá ṣe?" Roswitha ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Wọn kì í béèrè ìyẹn."

A jáde sórí òkúta ìta gbangba. Bàtà tèmi nìkan ni mo gbọ́. Bàtà pupa náà ń lu òkúta, kò dún. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sọ fún un. Nílé, àtẹ̀gùn wa tó máa ń ké bó tilẹ̀ jẹ́ ológbò ló gùn ún kò ké lábẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣí fèrèsé ilé ìdáná. Wọ́n ti ti ilé ìgbìmọ̀ tó wà ní òdìkejì ìta gbangba pa. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: kó, kó, kó. Ó dúró.

"Roswitha!"

Ó jókòó níwájú mi, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu. Òdìkejì ìta ni ohùn rẹ̀ ti wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ fún wọn pé n ò ṣe nǹkan kan!"

Mo sáré. N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀pá ṣẹ́.