Ta Ló Ń Pààrọ̀ Ọta Bàbá Afeefah?

Kò sí àsọdùn nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì mọ obìnrin tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó kọ́kọ́ lọ bá Fáòsíà ní ọjà Okaishie ní Accra, kó sọ ọ́ sí i lójú, ká wá wò ó bóyá eyín rẹ̀ á pé nígbà tó bá ń bọ̀.

Ohun tí Fáòsíà fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ṣé ọkọ rẹ̀ gbọ́ ìpè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbí kò gbọ́?

Ọjọ́ tí mò ń wí ni ọjọ́ tí oyún inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó wà nílé wọn ní Sabon Zongo. Lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀, Abdulhameed, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè é. Ó pè é títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń yọ̀ lára fóònù. Àwọn ará ilé ló gbé e sínú takisí. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ọmọ ti lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Abdulhameed dé. Ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"N kò gbọ́," ó ní. "Íàfóònù wà létí mi."

"Fóònù yẹn ń kọ́? Ṣebí ó máa ń tan iná."

"N kò rí i."

Gẹ́ẹ̀mù ló ń gbá. Ẹ fojú inú wò ó, bàbá Afeefah ọmọ wọn, ẹni tó ń kírun! Ó ti ta kọ́tìnnì sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn páálí gílóòbù àti wáyà tí wọ́n ń tà, ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ síbẹ̀. Bí ọjà bá ti tutù lọ́sàn-án, ó di inú kọ́tìnnì. Gẹ́ẹ̀mù bàálù ogun ni. Ìbọn ńlá kan wà ní imú bàálù náà, kí ó sì tó gbéra, èèyàn gbọ́dọ̀ yan irú ọta tó fẹ́ kì sínú ìbọn. Ọta kan wà tó ń lu irin já. Òmíràn wà tó ń bú gbàù bó bá ti ba nǹkan. Oníná tún wà, tó ń fa iná pupa lẹ́yìn bó ti ń lọ. Ẹni tó bá lo oníná á máa rí ibi tí ọta òun ń lọ, á sì lè tún ọwọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń yìn náà ń rí iná ọ̀hún, á yà fún un.

Abdulhameed kò fọwọ́ kan oníná rí. Ọta aláìníná ni tirẹ̀. Fáòsíà máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, tó ń fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni tí mo bá yìn kò ní mọ ibi tó ti wá. Kó tó wẹ̀yìn, ó ti tán." Á wá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oyún yẹn, bó bá ti gbọ́ ẹ̀rín náà, Fáòsíà á jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Wọn kò tíì yanjú ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan kọlu trotro, ọkọ̀ akérò tí Abdulhameed wọ̀ lọ gba ẹrù ní Tema. Ojú ẹsẹ̀ ló kú.

Lọ́jọ́ fidáù, Áfáà sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé kí gbogbo ẹni tí olóògbé ṣẹ̀ dárí jì í. Fáòsíà wà nínú yàrá láàárín àwọn obìnrin. Ó la ẹnu. Kó tó sọ̀rọ̀, Àlàmú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti dáhùn láti ìta:

"Ìyàwó rẹ̀ ti dárí jì í. Gbogbo wa la ti dárí jì í."

Áfáà ní àmín. Wọ́n gbé ìrẹsì kalẹ̀.

Ta ló rán an níṣẹ́? Ta ló ní kó yá ẹnu obìnrin náà lò? Fáòsíà kò fọwọ́ kan ìrẹsì náà. Èmi náà, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Ó jókòó opó rẹ̀ nílé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kò sì ní èkejì. Nígbà tó parí opó, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Dumsor gbóná nígbà náà, iná ń lọ lójoojúmọ́ ní gbogbo Accra. Òkùnkùn àti ooru ló bá nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn wọlé.

"Ẹ kú ọjà, Àǹtí. Ọ̀gá Hameed ń kọ́?"

"Ta lẹ̀yin?"

"Bólúwatifẹ́ ni, mà. Báǹkì ni mò ń ṣiṣẹ́. Èmi àti Ọ̀gá la jọ máa ń fò nínú gẹ́ẹ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í, kí la fi ṣẹ̀ ẹ́ tí kì í dá wa lóhùn mọ́?"

"Ó ti kú."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde.

"Nígbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àná la jọ fò."

Fáòsíà dìde. "Jáde! Jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi! Òkú ọkọ mi lo fẹ́ fi ṣeré?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mà. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń rí. BabaAfeefah. Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fò. Ohun tó wá ń já wa láyà ni pé oníná ló ń kì. Oníná nìkan ṣoṣo."

Fáòsíà yí ẹ̀yìn sí i. Ó lọ fa kọ́tìnnì.

Eruku bo kọ̀ǹpútà náà. Kò sí àmì ọwọ́ kankan nínú eruku ọ̀hún. Okùn iná rẹ̀ wà nílẹ̀, kò kan ògiri. Aláǹtakùn ti ta òwú sí àárín tábìlì àti àga. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ìta.

"Wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, ni," Bólúwatifẹ́ sọ níkẹyìn. "Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Ó tiẹ̀ tu Fáòsíà lára, nítorí olè ṣeé bínú sí. Nígbà tí iná dé, wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Òótọ́ ni, oníná ló wà nínú ìbọn. Bólúwatifẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà hàn án, ó sì kọjú sógiri nígbà tí Fáòsíà ń tẹ tuntun. Fáòsíà fúnra rẹ̀ ló dá ọta padà sí aláìníná. Ó yọ okùn iná, ó ká a sínú báàgì, ó gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo Okaishie kò níná. Bólúwatifẹ́ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ wá ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó gbé e lé orí páálí.

"Ẹ wò ó, mà."

Fáòsíà wò ó. Ojú sánmà ni, ó mọ́ láúláú. Bàálù kan ń dá fò lókè pátápátá. Orúkọ náà wà lórí rẹ̀: BabaAfeefah. Ó ń yìnbọn. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Ó ń yìn ín sí òfuurufú lásán, iná pupa ń tò jáde, ń lọ, ń lọ, títí á fi kú. Á sinmi. Á tún yìn ín.

"Ta ló ń yìnbọn sí?" Fáòsíà béèrè.

"Kò yin ẹnì kankan. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn ọ̀tá á rí iná yẹn, wọ́n á sì wá pa á."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n jẹ́ méjì. Bàálù náà kò yà. Ó gbiná, ó ń já bọ̀, síbẹ̀ ó ń yìnbọn oníná rẹ̀ lọ títí tó fi kan ilẹ̀.

Fáòsíà wẹ̀yìn wo kọ́tìnnì. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú kọ̀ǹpútà Abdulhameed dúdú. Okùn iná rẹ̀ wà nínú báàgì lápá òun fúnra rẹ̀.

Bólúwatifẹ́ ní àdúrà ló kù, ó ní òun á sọ fún pásítọ̀ òun. Kò jókòó pẹ́ mọ́.

Ẹlòmíì á ti sá. Ìbínú kò jẹ́ kí Fáòsíà sá. Ó dúró di ìgbà tí iná dé, ó so okùn, ó tan ẹ̀rọ náà. Oníná. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Ó fi íàfóònù sétí. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀, àfi ariwo kékeré kan, ṣíí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń mí sí ẹnu fóònù.

"Bàbá Afeefah," ó ní. "Mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ rí ìpè mi tí ẹ fi mí sílẹ̀, kí bàálù yín má baà já? Àbí ẹ kò mọ̀? Mò ń kì aláìníná síbẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ yí i sí oníná."

Ariwo kékeré yẹn dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó yọ okùn. Ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oníná ló bá.

Ẹ ó rò pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Irọ́ o! Ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Opùrọ́! Ohun tí ẹ sọ nílé ìwòsàn náà lẹ tún ń sọ!" Ó dá a padà sí aláìníná. Lọ́jọ́ kejì, oníná. Ó tún dá a padà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ìjà wọn lọ, lójoojúmọ́, tọkọtaya. Aláìníná. Oníná. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n rò pé oníbàárà ló ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àlàmú. Ó wá pẹ̀lú ọkùnrin onítirọ́ọ̀kì kan.

"Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan yìí kúrò níwájú yín. Kò bójú mu. A ó tà á, ká fi ṣe sàráà fún un."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí lẹ tún ń wá? Ẹni tí ẹ ti dárí jì. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ta ló dárí jì í?"

"Ìyàwó."

"Mo ní ta ló dárí jì í! Ẹ̀yin lẹ dárí jì í! Ẹ̀jẹ̀ yín ló dà sílẹ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ pè é tí kò gbé e?" Ó yíjú kúrò lára Àlàmú, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi. N kò dárí jì yín. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín lọ́jọ́ fidáù. N kò dárí jì yín!"

Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn. Wọn kò tíì so okùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ nǹkan kan nínú íàfóònù tó wà lórí tábìlì. Ariwo kékeré kan ni, ṣíí. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Onítirọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ jáde. "Kai!" ló sọ, kò dúró gba owó iṣẹ́. Àlàmú tẹ̀ lé e, ó ń ka áyà Kùránì lábẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Fáòsíà so okùn. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ọta.

Aláìníná.

Bó ṣe fi í sílẹ̀ náà ló ṣe wà. Ó tún un wò. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án. Aláìníná. Ó pe Bólúwatifẹ́.

"N kò rí i, mà," Bólúwatifẹ́ sọ. "Láti àná. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́."

Fáòsíà gbé fóònù sílẹ̀. Ṣé ó ti jẹ́wọ́ ni? Àbí ó ti lọ? Àbí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni òun lé lọ? Ó fi íàfóònù sétí. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ yí i padà," ó ní.

Kò sí ohun tó yí.

"Mo ní ẹ yí i padà!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́ ọ.

"Abdulhameed! Yí i padà! Abdulhameed!"

Ojoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀ báyìí, bí ọjà bá ti tutù. Á so okùn, á wò ó, á yọ okùn. Aláìníná. Mo sọ fún un pé kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kó fi oníná síbẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ gbá mi létí. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tó ń yí i tẹ́lẹ̀ ni yóò wá yí i.