Ibo Ni Ojú Omi Wà?

"Kọ ọ́ kó hàn," ni Bàbá wí. "Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí èmi náà lè rí i."

Ọmọbìnrin náà yọ pẹ́ńsù káfíńtà kúrò létí, ó sì fa ìlà kan gbọọrọ sára pákó tí wọ́n gbé ti ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ní apá ọ̀tún ó kọ LÍLỌ, ní apá òsì ó kọ JÍJÓKÒÓ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ojú Bàbá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà kì í sì í ṣe àpọ́nlé lásán. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú bàbá rẹ̀ ti ń ṣú. Ọwọ́ káfíńtà náà ṣì mọ igi dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ka nọ́ńbà ara téèpù mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń kà á fún un. Ohun tó bá ti kà ni Bàbá ń gé, kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ilé etí òkun ló fa pákó ọjọ́ náà. Agbaṣẹ́ṣe kan ń kọ́lé fún àwọn olówó nílùú tuntun tó wà létí òkun. Ọ̀gá Awò Dúdú ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó rí ẹyinjú rẹ̀ rí. Ó wá bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó wá máa kan ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ilé náà, òun á fún Bàbá àti ìdílé rẹ̀ ní ilé oníyàrá méjì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á máa la fèrèsé rí òkun. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà níbẹ̀ á sì gba ọmọ òṣìṣẹ́ wọlé láìgba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

"Kọ 'iṣẹ́ tí kì í tán' sí LÍLỌ," ni Bàbá wí.

"Kọ 'àwọn oníbàárà mi' sí JÍJÓKÒÓ," ni Màmá fèsì láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló máa gbé ṣòkòtò tó ya wá bá mi níbẹ̀? Àwọn yẹn, bí aṣọ wọn bá ya, wọ́n á ra òmíràn ni."

"Kí o kọ èmi náà sí i," ni Màmá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, sọ láti orí àpótí. "Èmi ò lọ síbì kankan ní tèmi. Omi tó ń pariwo tọ̀sán-tòru, ṣé ó máa jẹ́ kí n gbọ́ òfófó ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀rín. Odidi ọdún kan ni kíláàsì wọn ò ti ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ìdánwò àṣekágbá sì ń bọ̀. Nígbà tó kan òun náà láti mú ọ̀kan wá, ó kọ ILÉ Ẹ̀KỌ́ sí abẹ́ LÍLỌ tóbi débi pé ó gba àyè ìlà mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, mẹ́fà ló wà lápá ọ̀tún, mẹ́fà ló wà lápá òsì.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Bàbá wí. "Mi ò tíì gbé ọ̀pá lé ilẹ̀ ilé náà. Ẹnu Ọ̀gá dùn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe inú ẹnu ẹ̀ la máa sùn."

Ọ̀pá ìwọ̀n káfíńtà ló ń sọ, èyí tó ní gíláàsì kékeré láàárín. Omi wà nínú gíláàsì náà, afẹ́fẹ́ bíńtín kan sì wà nínú omi ọ̀hún. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pá náà lé ibi tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ náà á dúró jẹ́ẹ́ láàárín ìlà dúdú méjì. Bí ibẹ̀ ò bá tẹ́jú, á sá lọ sí apá tó ga. Ojú omi ni Bàbá máa ń pe afẹ́fẹ́ kékeré yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá, Màmá àti Ojú Bàbá lọ wo ilé náà. Hàà, ìlú náà rẹwà! Ògiri funfun báláú, koríko tí wọ́n gé rẹ́rẹ́rẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rìn lójú títì. Ọkọ̀ ń kọjá pẹ̀lú fèrèsé títì pa, kò sọ́mọ tó ń ṣeré, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan. Ariwo òkun nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ilé tí wọ́n fẹ́ fún wọn ń rùn fún ọ̀dà tuntun, bẹ́ẹ̀ ilé náà kì í ṣe tuntun. Ara Màmá kọ́kọ́ bù máṣọ. Ó ní òun ò mọ̀dí ẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìn lọ wo ẹ̀rọ omi.

Bàbá kúnlẹ̀ nínú yàrá iwájú, ó gbé ọ̀pá lélẹ̀. "Ibo ni ojú omi wà?"

Ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ojú omi kò sí láàárín. Ó ti sá lọ pátápátá sí apá títì, ó kẹ̀yìn sí òkun bí ẹni tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọmọ náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú ọmọ káfíńtà? Ilé náà ti ń rì lápá òkun. Ó gbójú sókè, ó sì rí òrùlé aláwọ̀ búlúù ilé ẹ̀kọ́ náà láti ojú fèrèsé, ó ń dán yanran nínú oòrùn.

"Ó wà láàárín, Bàbá."

"Ó da," ni Bàbá wí. Ó gbé ọ̀pá sínú àpò. Kò bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣíwájú kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó bá a sọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀ níbí? Ẹ káàbọ̀ o. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí, ìlà ilé méjì ló wà láàárín ilé yẹn àti omi."

Ojú Bàbá bojú wẹ̀yìn. Kò rí ilé kankan láàárín ilé náà àti omi. Iyanrìn ló rí, àti àtẹ̀gùn oníbíríkì kan tó dá dúró, tí kò gòkè lọ síbì kankan. Ó yára sáré tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀, kò sì sọ ohun tí ẹ̀ṣọ́ náà wí fún wọn.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ wágàwàgà sábẹ́ LÍLỌ: ILẸ̀ TẸ́JÚ. Ó di méje sí mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ parí.

Kí n má purọ́, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ dùn. Iṣẹ́ ń ya lu Bàbá. Ní ilé ẹ̀kọ́, Ojú Bàbá fojú ara rẹ̀ rí àwọn ohun èlò sáyẹ́ǹsì tó jẹ́ pé àwòrán wọn nìkan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń gba máàkì, inú rẹ̀ ń dùn. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yàrá iwájú lásán ni inú náà ń bàjẹ́, torí bí pẹ́ńsù rẹ̀ bá já bọ́, ńṣe ló ń yí gbirigbiri lọ sápá òkun fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, ilẹ̀kùn iwájú kọ̀, kò pa dé mọ́. Bàbá fá etí rẹ̀, ó pa dé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó tún há. Ó tún un fá. Nígbà tó há lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá jókòó sórí àga, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ mi kàn," ló sọ fún Màmá. "Ilẹ̀ tẹ́jú, igi gbẹ, ìwọ̀n pé. Ó jọ pé ọwọ́ yìí náà ti ń tẹ̀lé ojú lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá ọmọ mi," ni Màmá wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò dúró.

Ojú Bàbá wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á kó ẹrù lọ́la. "Mà á sọ ọ́ lẹ́yìn ìdánwò," ló wí nínú ara rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

Òkun ò fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n wà nínú kíláàsì lọ́sàn-án, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lákọlákọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó pè é, ó ní kó gbé àpò rẹ̀ dání. Nígbà tó dé ibi ilé wọn, yàrá iwájú ti lọ. Omi àwọ̀ eérú ń yí nínú ibi tó jẹ́ pálọ̀ láàárọ̀. Ìdí ilẹ̀kùn yẹn ni Bàbá wà, ó ń fá a lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ògiri tó wó lé e. Màmá àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló fọwọ́ lásán fà á yọ.

Dókítà ní ẹ̀mí rẹ̀ ò sí nínú ewu, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò ní lè di ayùn mú mọ́. Fóònù Ọ̀gá Awò Dúdú ò lọ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ sì sọ pé ọmọ òṣìṣẹ́ làwọn ń gbà, bàbá tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí ìdánwò ṣe bọ́ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lórí ibùsùn ọsibítù, Bàbá ṣì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. "Mo ti rò ó títí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í lọ báyẹn láàárín oṣù márùn-ún. Àbí mo gbé ọ̀pá náà sódì ni?"

Ojú Bàbá kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ ò gbé e sódì, Bàbá. Ojú omi ò sí láàárín lọ́jọ́ náà. Apá títì ló sá lọ. Mo purọ́ fún yín."

Màmá tó ń ká aṣọ dúró gbagidi.

"Ìgbà tí mo ń fá ilẹ̀kùn," ni Bàbá bi í jẹ́jẹ́, "o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ dákun."

Bàbá ò pariwo, kò sì bú u. Ó kàn yíjú sí ògiri. Ì bá dára lójú ọmọ náà kó gbá a létí.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Obìnrin náà ò ju pákó ọjọ́sí nù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí ara Bàbá yá díẹ̀, ó ní òun á fi pákó náà ṣe pẹpẹ ìkówèésí, kí òun lè máa fi ọwọ́ òsì kọ́ṣẹ́. Ojú Bàbá di ìdí pákó mú, Bàbá fi ọwọ́ òsì kàn án mọ́ ògiri, ó ń lọ́ra. LÍLỌ àti JÍJÓKÒÓ ṣì hàn ketekete lójú igi. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá lé e.

"Ibo ni ojú omi wà?"

"Ó sún díẹ̀ sápá òsì, Bàbá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Kò bi í bẹ́ẹ̀ rí láyé. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. "Ó dá mi lójú, Bàbá."

Bàbá fi ìka tọ́ ojú pákó lọ tọ́ ọ bọ̀, síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ìyá ọmọ mi," ló pè, "jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó."

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Òsì ni," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò burú kéèyàn fa ìlà, kó kọ èrè sọ́tùn-ún, kó kọ àdánù sósì. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ẹyọ kan pamọ́ nínú àdánù náà nítorí ohun tí ọkàn yín fẹ́, ẹ ti tan ara yín jẹ, ẹ sì ti tan àwọn tó fi ojú yín ríran. Ojú Bàbá ṣì ni àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà títí dòní, ó sì ń dá wọn lóhùn. Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá gbé ọ̀pá lé igi, òótọ́ ló ń sọ fún un. Ó ń retí ọjọ́ tí kò ní í bi í lẹ́ẹ̀mejì mọ́.