Ẹnubodè Tó Gba Khong

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ará Bámà kàn wá lára, òtútù mú gbogbo odi wa létí odò Khwae, ṣùgbọ́n òpó ẹnubodè gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e. Khong, àbúrò mi, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Sáyáámù wa nìyẹn, bí wọ́n bá ń kọ́ ẹnubodè. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ri òpó tiwa, Balógun Saeng ń rìn káàkiri, ó ń pe àwọn orúkọ olóríire. Ẹni tó bá dáhùn, òun ni wọ́n máa rì mọ́lẹ̀ láàyè, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè máa ṣọ́ odi. "Khong o!" Ọmọ ìyá mi rò pé wọ́n fẹ́ bu ìrẹsì fún òun ni. Ó ní, "Mo ń bọ̀!"

Láàárọ̀ ọjọ́ ogun yìí, mo lọ kúnlẹ̀ fún Balógun. "Ẹ jẹ́ kí n hú u jáde, kí n sun òkú rẹ̀ bí àṣà wa, kó lè rí ọ̀nà ọ̀run lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló máa wá ṣọ́ wa? Ìwọ yìí? Mo ti pàṣẹ fún ẹ̀mí rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé."

Òun náà ló kó ọmọ ogun jáde. Kò tíì di ọ̀sán tí wọ́n fi ń sá bọ̀, tí ọ̀tá ń ṣá wọn ládàá lẹ́yìn. Àwa tó kù nínú odi yọ ọ̀pá ìdábùú, a fa ilẹ̀kùn títí. Kò mì.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ àlè!" Balógun ń lu pákó.

Mo pariwo, "Àwa kọ́! Ẹ bẹ Khong!"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Khong, jọ̀ọ́. Màá jẹ́ kí wọ́n sun ẹ́."

Láti ìdí òpó, ohùn jẹ́jẹ́ kan dáhùn bí ìgbà tí ìyá wa bá pè é: "Mo ń bọ̀."

Ìta dákẹ́ lójijì. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Òkú àwọn èèyàn wa sùn lọ bẹẹrẹ. Àwọn ará Bámà ti ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹni tó rí iwin. Balógun nìkan la ò rí.

Mo gbé ọkọ́, kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ilẹ̀ ìdí òpó náà ti le gbagidi, koríko ti hù lórí rẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ. Balógun Saeng ló dúró síbẹ̀, erùpẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìjà kò tíì gbẹ lápá rẹ̀. Khong kò sí níbẹ̀.

Wọ́n ní odi wa kò wó, pé kí n dúpẹ́. Ẹ má bá mi sọ ọ́! Mo ti gbẹ́ ìdí gbogbo ẹnubodè láti ibẹ̀ dé Ayutthaya, olú-ìlú ọba wa. N ò tíì rí egungun àbúrò mi tí màá sun.