Ẹyẹ Tó Ń Bà Sórùlé Télọ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé kó ti ilẹ̀kùn, torí ọ̀rọ̀ ìjì ni.

Ìjì jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí òrùlé ilé kan lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n bá télọ̀ tó ń gbé ibẹ̀ tó dojú bo ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti kú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún. Ó ká aṣọ oníbàárà, ó tú u, ó tún un ká.

Onílé ló kọ́kọ́ dárúkọ àjẹ́. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ ń bà sórí òrùlé náà, abẹ́ ibẹ̀ gan-an sì ni ìyá télọ̀ máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí. Àdúgbò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kí ìyàwó lé ìyá ọkọ rẹ̀ jáde. Màmá di ẹrù, kò jẹun fọ́jọ́ mẹ́ta.

Ìyàwó bi í pé: “Màmá, ṣé ẹ̀yin ni?”

“Mi ò mọ̀ mọ́, ọmọ mi. Wọ́n ti sọ ọ́ títí, ó wá ń ṣe mí bíi pé èmi ni.”

Ìyàwó bá pe onílé lẹ́jọ́. Ó ní kí ẹni tó ni òrùlé wá sọ bó ṣe ṣí. Onílé ní ta ló lè mú ìjì dè.

Káfíńtà àdúgbò gbé igi òrùlé kan wọ kóòtù. Ó ní igi tó bá ti jẹrà, ayùn lòun fi ń fa ìlà méjì sí i lára, kóun tó pe onílé wá wò ó; ìlà méjì náà sì wà lára èyí. Ó dá igi náà sí méjì lórí orúnkún bíi búrẹ́dì, ikán sì dà sílẹ̀. Ó ní oúnjẹ ẹyẹ nìyẹn. Ẹ̀yìn àga télọ̀ lòun ti rí igi náà, igi náà ló já lé e lọ́rùn.

Onílé ní òun ò rí ìlà kankan rí. Adájọ́ fi ìka kan ìlà náà: ọ̀dà dúdú kún inú rẹ̀.

“Ta ló kun ọ̀dà yìí?”

Onílé ní: “Èmi ni, Olúwa mi.”

“Ẹ ò rí ìlà, ẹ wá kun inú rẹ̀?”

Adájọ́ ní ìjì kì í jẹ́jọ́. Ẹni tó rí ìjẹrà tó fi ọ̀dà bò ó, òun ló jẹ̀bi ikú. Onílé ni yóò tún ilé kọ́, òun ni yóò máa bọ́ Màmá àti ìyàwó.

*Ẹyẹ bà, ẹ ní àjẹ́ ni o,*
*Ẹ ò bi igi, ẹ ò bi ikán.*

Lọ́jọ́ náà, àwọn aládùúgbò fìtìjú gbé oúnjẹ wá. Ìyàwó bu ti Màmá ṣáájú, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Màmá tú ẹrù rẹ̀, ó mú téèpù ọmọ rẹ̀ jáde, ó fi kọ́ ìyàwó lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni omijé tó wá sójú ìyàwó.

Gbogbo wọn jẹun yó, àwọn aládùúgbò sì relé.