Ẹ Pa Á Dé, Kẹ́ Ẹ Tún Un Ṣí

Ohun tí kò ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ tuntun rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tó débẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí etí ni fóònù dún. Obìnrin kan tó máa ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà láti inú ilé ara rẹ̀ ló pè, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí màmá yẹn o. Àpótí lẹ́tà mi ti ṣí. Ẹni yẹn mà gba èèyàn mọ́ra o!"

"Màmá wo, mà?"

"Màmá tó pè mí láàárọ̀ yìí. Èyí tó ń wú ikọ́ díẹ̀díẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Yàrá náà kò ní ju tábìlì kan, àga kan àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri lọ. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní òun yóò jíṣẹ́, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè sọ.

Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́, yóò kọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Odò ni ilé iṣẹ́ wọn ń wọ̀n: bó ṣe jìn tó, bó ṣe ń sáré tó, ìgbà tó máa ń kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fọ́n káàkiri, àwọn kan wà létí òkun, àwọn kan wà lórí òkè, àwọn mìíràn sì jókòó sílé tiwọn. Orí ayélujára ni gbogbo wọn ti ń ṣí àpótí lẹ́tà wọn. Bí àpótí náà bá ti kọ̀, Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè. Ẹnìkan á ní ojú ìwé òun funfun bí aṣọ tuntun, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ti tẹ páswọ́ọ̀dù tí kò tọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀rọ sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ẹlòmíràn ti pààrọ̀ fóònù, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀ sì ń lọ sórí fóònù àtijọ́ tó ti wà nísàlẹ̀ odò.

Lọ́jọ́ kejì sí ọjọ́ ọpẹ́ yẹn, ẹni tó ń ṣọ́ omi òkun pè.

"Màmá yín ti bá mi tún un ṣe. Ojú ìwé mi ló ń kìlọ̀ pé òun ò mọ ibi tí mo ti wá. Màmá ní, 'Ọ̀gbẹ́ni, ọdún wo lẹ wà?' Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ìgbà tí mo wo igun kọ̀ǹpútà mi, ọdún tó kọjá ló wà níbẹ̀! Mo tún ọjọ́ náà tò, gbogbo rẹ̀ ṣí gbayawu."

"Ṣé ẹ ti kọ́kọ́ sọ fún un pé ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà yín ti yí ni?"

"Èmi tí mi ò mọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Pẹ̀lẹ́ bọ́ ẹ̀rọ kúrò létí, ó sì tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà, obìnrin tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ń wá dígí ojú rẹ̀ káàkiri tábìlì, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ gan-an ni dígí wà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ìròyìn náà títí Pẹ̀lẹ́ fi dárúkọ ikọ́. Nígbà náà ló dìde, tó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sórí àga tí o wà yẹn," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Màmá Pa-á-dé là ń pè é. Ohunkóhun tó bá ṣe ẹ̀rọ, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, 'Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ tún un ṣí.' Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń sọ ọ́ fún ẹnìkan lọ́wọ́. Ó ní, 'Ẹ pa á dé.' Kò sọ ìyókù. Ìgbà tí mo wọlé, orí rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Ó di ọdún kan lóṣù tó kọjá."

Bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́, tó sì wolẹ̀, ta ni yóò tún béèrè pé ṣé ó kú ni? Pẹ̀lẹ́ kò béèrè. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó sì jókòó sí etí àga náà bí àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí kò pani lára kì í pẹ́ di ará ilé. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí Pẹ̀lẹ́ bá ti wọlé láàárọ̀, yóò gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì wí fún yàrá òfìfo pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Yóò mú àwọn ìpè tó rọrùn, yóò fi àwọn tó le sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kó tó mu tíì tán, ẹni tí tirẹ̀ le jù nínú wọn ti pè láti dúpẹ́. Nígbà mìíràn, bí yàrá bá dákẹ́, ó máa ń dà bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ikọ́ wíwú lẹ́yìn rẹ̀. Kì í bojú wẹ̀yìn. Ó ti ṣiṣẹ́ níbi mẹ́rin rí, kò sì tíì ní alábàáṣiṣẹ́ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tó báyìí.

Ọjọ́rú kan ni nǹkan dé. Wọ́n ti pààrọ̀ àdírẹ́sì ojú ìwé lẹ́tà lánàá, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ sáwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì àtijọ́, ojú ìwé funfun ló ń bá pàdé. Láti aago mẹ́jọ ni Pẹ̀lẹ́ ti ń ka àdírẹ́sì tuntun fún èèyàn létí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀gá já wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ló fi di dígí rẹ̀ mú.

"Àwọn ará àgọ́ odò tó ń ṣiṣẹ́ láàárín òkè ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ka lẹ́tà wọn?"

Pẹ̀lẹ́ wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí aago tí oníkálukú ṣí àpótí rẹ̀ kẹ́yìn ti máa ń hàn. Àná ni wọ́n ti ṣí àpótí wọn kẹ́yìn.

"Àwọn tó ń tọ́jú ìdídò, ògiri tó sé omi mọ́ lókè odò, ti kọ̀wé sí wọn láti àárọ̀," ni ọ̀gá wí. "Aago méjìlá ni wọ́n máa ṣí omi sílẹ̀. Mo ti pe ìdídò títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú odò gbígbẹ yẹn, Pẹ̀lẹ́."

Fóònù kì í gba ohùn láàárín àwọn òkè yẹn. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run ni wọ́n ní, òun náà kò sì wúlò ju kí wọ́n fi ka lẹ́tà lọ. Wákàtí mẹ́ta ni mọ́tò fi ń débẹ̀. Pẹ̀lẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀gá wò ó. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ bí fẹ́ẹ̀nì ṣe ń yí lókè. Lẹ́yìn náà, lójú kọ̀ǹpútà, níwájú orúkọ àgọ́ odò, aago yí padà. Wọ́n ti ṣí àpótí náà. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni.

Aago méjì ọ̀sán ni èsì dé: "A ti gun òkè. Gbogbo wa pé. Omi ti gbé àgọ́ lọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, olórí àgọ́ náà fúnra rẹ̀ dé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì ga bí ẹni tó ti fi gbogbo ayé bá omi jiyàn.

"Màmá yẹn ni mo wá kí," ló wí. "Ẹ máa wò ó, fóònù tí kì í dún níbẹ̀, inú àpò ṣòkòtò mi ló ti dún! Ó ní kí n lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní màmá, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́. Ó ní, 'Pa á dé, kóo tún un ṣí!' bí ẹni pé òun ló bí mi. Ó ka àdírẹ́sì fún mi. Ó ní kí n ka lẹ́tà tó wà lókè pátápátá sí òun létí. Kí n tó kà á tán ni mo ti pariwo pé kí gbogbo èèyàn sá gòkè. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un."

Pẹ̀lẹ́ ṣí ẹnu láti sọ fún un pé òkú kì í gba ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá ló dá a lẹ́kun.

"Kò kú," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ilé ọmọ rẹ̀ ló wà. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lajú. Dókítà ní kò gbọ́, kò sì mọ̀."

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan ilẹ̀kùn ọmọ náà. Aránṣọ ni. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi ìka sí ètè bó ti rí wọn.

"Ẹ rọra wọlé. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́."

Nínú yàrá tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà níwájú fèrèsé, ìyá arúgbó kan sùn lórí ibùsùn tó mọ́ tónítóní, ojú rẹ̀ padé. Ètè rẹ̀ ń mì. Pẹ̀lẹ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀ o. Kí lẹ rí lójú ẹ̀rọ yín báyìí?" Ó dẹtí bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, ó wúkọ́ jẹ́ẹ́. "Ó dáa. Ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ tún un ṣí."

Pẹ̀lẹ́ yíjú sí aránṣọ náà.

"Ojoojúmọ́ ni," ni aránṣọ wí. "Bó bá ti di aago mẹ́jọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Bó bá di márùn-ún, wọ́n á dákẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé orí mi dàrú? Mo máa ń ránṣọ mi, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ wọn. Ó bá mi lára mu. Lọ́jọ́rú yìí nìkan ni wọ́n pariwo. Wọ́n ní, 'Ka lẹ́tà yẹn fún mi!' Lẹ́yìn náà ni omijé jáde lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín."

Olórí àgọ́ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àgékù aṣọ. Ọ̀gá ń sunkún. Pẹ̀lẹ́ nìkan ló dúró, ó ń rò ó pé ẹni tó dìde lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó fi iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣé ó ti dìde ni? Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Màmá, Pẹ̀lẹ́ ni orúkọ mi. Èmi ni wọ́n fi sórí àga yín. Gbogbo wọn ló ti wọlé. Ẹ gbé e fún mi, kẹ́ ẹ lọ sinmi."

Ètè náà dúró. Ìyá náà lajú, ó wo òrùlé, ó wá wo Pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́.

"Ìwọ tóo máa ń kí mi láàárọ̀," ló wí. "Ẹ fún mi lómi."

Ariwo tí ọmọ rẹ̀ pa, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Ìgbà tó mu omi tán, tí wọ́n ti fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, tí olórí àgọ́ ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ló di ọwọ́ Pẹ̀lẹ́ mú.

"Gbogbo wọn ni mo ti yanjú tiwọn. Ó ku ẹnìkan."

"Ta ni, mà?"

"Ọkùnrin kan ni. Láti ọjọ́ tí mo ti sùn ló ti ń pè. Ó ní ilé tí mo wà yìí lòun fẹ́ wọ̀ láti wá mú mi, ilẹ̀kùn ò dá òun mọ̀. Mo bi í lórúkọ, kò dáhùn. Bí mo bá ti bi í, a panu mọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohùn rẹ̀ tutù, kò ní ìjà. Mo ní kó dúró lórí ìlà. Bó bá pè ọ́, ọmọ mi, béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá dárúkọ, ilẹ̀kùn kì í ṣí fún un. Má kánjú."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Màmá Pa-á-dé ti ń fi ọ̀pá rìn dé iwájú ilé, ó ń bá ọmọ rẹ̀ to bọ́tìnnì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń jẹun bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Pẹ̀lẹ́ máa ń lọ kí i lọ́jọ́ Àìkú. Yàrá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti di yàrá lásán, kò sì sí ẹni tó tún ń wúkọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, oòrùn ń ràn, tíì rẹ̀ ṣì ń ru èéfín, fóònù dún. Nọ́ńbà kankan kò jáde.

"Ẹ káàárọ̀," ni ohùn ọkùnrin kan wí, ohùn jẹ́jẹ́ tó ní ọ̀wọ̀. "Ó pẹ́ tí mo ti wà lórí ìlà."

Pẹ̀lẹ́ rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló dáhùn. "Kí lorúkọ yín?"

Kò sí èsì. Ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, bí ẹni tó wà ní ìta gbangba. Pẹ̀lẹ́ fún un láyè, ó ka ọgbọ̀n nínú ọkàn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá pè ló yẹ kí èèyàn bọ̀wọ̀ fún.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ẹ ṣì dúró díẹ̀."

Ó tẹ bọ́tìnnì ìdádúró, iná pupa kékeré ibẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Ó wá gbé ìpè tó kàn.