Ọta Tí Àmírà Fọ̀

“Òjé tuntun nìyí!” Bàbá Ifátóyè, olórí àwọn ọdẹ, na ọta róbótó mẹ́ta sókè. Wọ́n ń dán yanran. “Mùstàfá, ìwọ lò ń rọ ọta fún àwọn tó yìnbọn fún ọmọ wa lóko lọ́sẹ̀ tó kọjá!”

“Wọ̀láì, inú ilẹ̀ ni mo ti wú u,” ni Mùstàfá dáhùn. Láti Àbíjàn ló ti gbé ẹ̀rọ tó fi ń wá irin àlòkù bọ̀ sí Èjìgbò. Ẹ̀rọ náà ló ké létí yàrà ogun àtijọ́. “Ọta ayé ogun ni, bàbá.”

“Irọ́! Òjé tó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa hu funfun lára. Èyí ńkọ́?”

Àmírà, ọmọ Mùstàfá, wà láàárín èrò, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣebí bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀: “Má fọ̀ wọ́n o. Funfun yẹn la fi ń mọ ọjọ́ orí wọn.” Àmírà kọ etí ikún sí i. Fáyọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ní ọta tó dọ̀tí ò ní wu ẹnikẹ́ni lórí Wasáàpù, ni Àmírà bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn bó wọn, ó ya fọ́tò wọn, ó sì fi í síbẹ̀. Fọ́tò náà ló dé ọwọ́ àwọn ọdẹ.

Fáyọ̀kẹ́ fà á láṣọ. “Panu mọ́ o! Wọ́n á mú ìwọ náà.”

Àmírà wo bàbá rẹ̀. Bàbá mọ ẹni tó fọ ọta, síbẹ̀ kò dárúkọ ọmọ. Àánú rẹ̀ ṣe Àmírà gan-an.

“Èmi ni mo fọ̀ wọ́n!” ló figbe ta. “Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, bàbá mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wà á.”

“Tá ò bá rí nǹkan kan ńkọ́?” ni Bàbá Ifátóyè bi í.

Àmírà ti gbé ẹ̀rọ, ó ṣíwájú wọn.

Létí yàrà, wọ́n rìn títí, ẹ̀rọ ò fọhùn. Ọdẹ kan ti ń yọ fóònù láti pe ọlọ́pàá. Lójijì ni ẹ̀rọ ké: píìì! Bàbá Ifátóyè gba ọkọ́, ó wa ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọta róbótó kan jáde, ó funfun bí ohun tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ó fi èékánná họ ọ́. Òjé tó ń dán yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi wé àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi.

“Háà! Mùstàfá, má bínú. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ yìí, à bá ti ṣì ọ́ mú.”

Mùstàfá kó ọta mẹ́ta tó ń dán lé Àmírà lọ́wọ́. “Tọ́jú wọn. Wọn ò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé.”

Àmírà bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má torí àrí-yangàn ba ẹ̀rí jẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí aláìṣẹ̀ má baà jìyà yín.